Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mọ́tò oníjókòó méje fún ìdílé ní Àkúrẹ́

Bàbá Ìbejì, Ìjọ́kà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. A ti pé méje nínú ilé báyìí: èmi, ìyá àwọn ọmọ, ọmọ mẹ́rin, àti màmá mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bá wa gbé. Corolla wa ò gbà wá mọ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń ná ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí gbogbo wa tó débẹ̀ tán. Tòkunbọ̀ ni mo fẹ́ rà, Sienna ti Toyota tàbí Odyssey ti Honda. Oṣooṣù la máa ń lọ sí Ìdànrè, ẹ sì mọ bí òkè ibẹ̀ ṣe rí. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, mi ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò.

Mẹkáníìkì Ìsìnkàn
Tíṣà, ẹ má tíì béèrè orúkọ, ọdún ni kí ẹ béèrè. Sienna 2004 sí 2006, ẹ́ńjìnnì lítà 3.3 ni, timing belt ló ń lò, ìyẹn bẹ́líìtì rọ́bà kan tó wà lára ẹ́ńjìnnì. 90,000 máìlì ló yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ìyẹn bíi 145,000 kìlómítà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lọ́jà ti kọjá bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ẹni tó ń tà á ò sì ní sọ bóyá wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. 2007 sí 2010, 3.5 ni, chain onírin ló ní, ọ̀rọ̀ belt ti kúrò níbẹ̀. Àmọ́ ó ní páìpù kan tó ń gbé ọ́ìlì, tí apá kan rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Bí rọ́bà yẹn bá bẹ́, kí ẹ tó mọ̀, ọ́ìlì ti dà tán. Toyota fúnra wọn ti fi onírin rọ́pò rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wò ó kí ẹ tó sanwó. 2008 wù mí ju 2005 lọ.

Ìyá Tọ́lá
Bàbá Ìbejì, ẹ gbọ́ tèmi. Nígbà tí a ra tiwa, ẹni tó tà á ní dókítà kan ló ń lò ó. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ń ta sánsán. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ká àga ẹ̀yìn kí n lè gbálẹ̀, ni mo bá tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì mẹ́ta níbẹ̀, Ọ̀rẹ̀ sí Benin. Dókítà wo ló ń kó èrò Ọ̀rẹ̀ sí Benin? Kí ọdún tó yípo, ẹ̀ẹ̀mejì la ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Ẹ wo ìdí mọ́tò dáadáa: bó bá ti wọlẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sí nínú rẹ̀, ẹ máa lọ. Kí ẹ sì fa ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí, kí ẹ tì í, bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Àwọn ọmọ kì í ṣí ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́.

Ọmọ Ọ̀wọ̀
Odyssey 2008 ni èmi ń wà, ọdún karùn-ún rèé, ó dùn ún wà ju Sienna lọ (ẹ má bínú). Belt ló ń lò o. Ẹ sá fún ti 1999 sí 2004, gíà wọn ò lágbára. Honda fúnra wọn pe ti 2002 sí 2004 padà láti tún un ṣe nítorí rẹ̀.

Mẹkáníìkì Ìsìnkàn
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí Sienna bá bàjẹ́ ní Ìdànrè, ẹ ó rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe níbẹ̀.

Aládé
Epo ńkọ́? Plọ́ọ̀gì mẹ́fà ni gbogbo èyí tí ẹ ń kà sílẹ̀ yìí, wọ́n ń jẹ epo ju oní-mẹ́rin lọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, tèmi ò kúrò nílé bí kò bá nídìí. Sienna 2011 ní oní-plọ́ọ̀gì mẹ́rin, 2.7, bí owó bá ká a.

Bàbá Ìbejì, Ìjọ́kà
Owó ò ká 2011. Mo ti rí 2008 kan lọ́nà Òǹdó. Ẹni tó ń tà á ní kí n pe òun ní wákàtí kan ṣáájú lọ́la, kí òun lè ti tan án dè mí.

Mẹkáníìkì Ìsìnkàn
Hà! Ẹ má pè é, ẹ kàn yọ sí i. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti gbóná lè fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá tutù, kó tan án lójú yín, kí ẹ gbọ́ ariwo rẹ̀, kí ẹ wo èéfín rẹ̀. Bí èéfín bá jẹ́ búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì nìyẹn. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò (VIN), kì í ṣe ti pulétì o, wà lábẹ́ gíláàsì iwájú níbi awakọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ka ìkẹwàá, òun ló ń sọ ọdún mọ́tò: 8 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bó bá jẹ́ 6, 2006 ni wọ́n ń pè ní 2008 fún yín. Bí mọ́tò bá sì ti gbóná kí ẹ tó débẹ̀, ẹ padà sílé, ẹ tún lọ lọ́tùnla.

Bàbá Ìbejì, Ìjọ́kà
Mi ò ní pè é. Aago méje àárọ̀ ni màá ti wà níbẹ̀. Màmá ní àwọn ń bá mi lọ, àwọn fẹ́ jókòó sí àga ẹ̀yìn wò.