Ṣé kí n mú fóònù ilé iṣẹ́ lọ sí òkè òkun?

Ẹ jọ̀wọ́, mo ń wá ìmọ̀ràn yín lórí fóònù tí ilé iṣẹ́ mi fún mi, nítorí pé mo fẹ́ lo ìsinmi mi ní òkè òkun, ọ̀gá mi sì ní kí n mú un dání nítorí pàjáwìrì. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn ni yóò san owó ìpè àti dátà tí mo bá lò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni fóònù lè máa jẹ dátà láìjẹ́ pé ènìyàn fọwọ́ kàn án.

Mo rò pé kí n ra eSIM (síìmù tí kò ní káàdì, inú fóònù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí) fún dátà, kí n sì pa dátà ti síìmù ilé iṣẹ́, àmọ́ n kò lè pa síìmù náà fúnra rẹ̀, torí pé orí rẹ̀ ni kóòdù tí mo fi ń wọ ímeèlì ń gbà wọlé. Ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wa ló sì ń darí fóònù náà láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n lè má gbà kí n fi eSIM mìíràn sí i. Ohun tó ń kọ mí lóminú ju owó lọ (owó ṣì ṣeé san) ni ìsọfúnni àwọn oníbàárà tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè mìíràn, bíi Amẹ́ríkà, lè ní kí arìnrìn-àjò ṣí fóònù rẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ṣé kí n gba àṣẹ lákọsílẹ̀ kí n tó lọ, àbí kí n fi fóònù náà sílẹ̀, kí n sì fún ọ̀gá mi ní nọ́ńbà tèmi?