Land Rover ṣọ́jà ti bàbá mi: ẹ́ńjìnnì díísù wo ló máa bá gíà rẹ̀ mu?

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Leeds)
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Mo wà lọ́mọdé nígbà tí bàbá mi ra Land Rover àwọn ṣọ́jà ní gbàǹjo ní Ìlọrin, Series III gígùn, èyí tí wọ́n ń pè ní 109. Láti ìgbà tí bàbá ti lọ, inú ọgbà wa ní Àjàṣẹ́-Ìpó ló wà. Bẹntiróòlù ló ń mu, ó sì ń mu ún bí omi. Mo fẹ́ kí àbúrò mi máa fi kó iṣu láti oko. Mẹkáníìkì kan ní òun lè sọ ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀ di ti díísù. Ṣé òótọ́ ni?

Bàbá Ìbejì (Coventry)
Àbúrò, má gbà fún un. Púlọ́ọ̀gì ló ń fi iná sí bẹntiróòlù. Ní ti díísù, afẹ́fẹ́ tí písítìnnì fún pọ̀ ló ń gbóná tí epo fi ń gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù yẹn ń fún afẹ́fẹ́ ní ìlọ́po 8, ti díísù ìgbà náà ń fún un ní ìlọ́po 23. Irin tó wà níbẹ̀ kò lè gbà á. Odidi ẹ́ńjìnnì ni kó o pààrọ̀.

Èyí tí èmi fi sínú tèmi tó wà ní Ọ̀mù-Àrán ni 200Tdi, lítà 2.5, tó wà nínú Defender àti Discovery láti nǹkan bí 1989 sí 1994. Ọmọ ìyá ni òun àti ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn. Bó o bá fi ilé fláíwíìlì ti Series (irin tó bo àgbá kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì) sí i lẹ́yìn, ó máa wọ gíà tó ti wà nílẹ̀ láìsí pé wẹ́dà gé irin kankan. Ti Defender ni kó o wá. Ti Discovery ló pọ̀ lọ́jà, àmọ́ ìsàlẹ̀ ni tọ́bò rẹ̀, èyí tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, wà, ṣáàsì ò ní gbà á láyè.

Jọ̀ọ́, kó tó wọnú ọkọ̀, pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn, èyí tó ń mú kí fáfù ṣí lásìkò. Ṣéènì ni ti àtijọ́, rọ́bà ni ti eléyìí. Èmi ò pààrọ̀ tèmi. Ó já lọ́nà oko, gbogbo ọ̀pá tó ń ti fáfù ló tẹ̀, ẹrù iṣu sì sun ojú ọ̀nà mọ́jú. Ó ṣì ń dùn mí.

Fọ tánkì náà dáadáa, kó má ku bẹntiróòlù, kó má ku ìpẹtà. Páìpù méjì ni díísù ń fẹ́: ọ̀kan ń gbé epo lọ, ìkejì ń dá àjẹkù padà sí tánkì.

Ìyá Rọ̀kíbà (Milton Keynes)
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n béèrè: bátìrì mélòó ló wà nínú ẹ̀? Bó bá jẹ́ èyí tí ṣọ́jà fi ń gbé rédíò, bátìrì méjì ló máa ní, fóòtì 24 ni. Fóòtì 12 ni sítátà 200Tdi, òun náà sì ni nǹkan kékeré orí pọ́ǹpù tó ń pa ẹ́ńjìnnì. Tí 24 bá kàn wọ́n, wọ́n á jóná. Ẹ sọ gbogbo ọkọ̀ di 12, títí kan gílóòbù.

Ọmọ Ìdí-Àpè (Dublin)
Fítà afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ẹ mọ eruku ilé nígbà ọyẹ́. Tọ́bò ò fẹ́ eruku rárá.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Leeds)
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe àbúrò mi tán. Bátìrì méjì ni. Ó ti sọ fún mẹkáníìkì pé kó má tú nǹkan kan. Ìyá Rọ̀kíbà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi fọ́tò wáyà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lálẹ́ òní?

Ìyá Rọ̀kíbà (Milton Keynes)
Fi ránṣẹ́. Kó ya ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù náà.