Òmìnira tí Mill ń sọ, ṣé ó bá ọjọ́ Orò mu n'Íkòròdú?

Ọmọ Ẹbúté: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ń ka ìwé òmìnira tí John Stuart Mill, òyìnbó ará London yẹn, kọ lọ́dún 1859, ó wá débi tó ti ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fipá dá àgbàlagbà dúró àfi tóhun tó fẹ́ ṣe bá máa pa ẹlòmíì lára. Ló bá bi mí pé ọjọ́ Orò táwọn obìnrin ń tilẹ̀kùn mọ́rí ńkọ́, ta lòun pa lára tóun bá jáde lọ ra búrẹ́dì? Mi ò rí fèsì o, ẹ gbà mí.

Ìyá Alátà: Ọmọ yẹn gbọ́n jàre. Mill ọ̀hún ló dìde nílé aṣòfin wọn ní 1867 pé kóbìnrin náà máa dìbò, èèyàn 73 péré ló tẹ̀ lé e. Èmi tí mò ń ta tòmátò, tí Orò bá ti wọ̀lú báyìí, ìdajì apẹ̀rẹ̀ á ti bẹ́, omi ẹ̀ á máa ṣàn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá Ìgbógbo: Ẹ rọra o. Wọ́n máa ń kéde ṣáájú, ẹni tó bá fetí sílẹ̀ á ti ra nǹkan pamọ́. Mill tẹ́ ẹ ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, iléeṣẹ́ East India Company tó ń ṣàkóso Íńdíà ló ti jẹun fún ọdún 35, inú ìwé yẹn náà ló ti ní òmìnira ò tíì kan àwọn tó pè ní aláìlajú, kí wọ́n ṣì máa fagbára ṣèjọba lé wọn lórí ná. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, 1861, ni wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ wá kọ́ mi ní Orò?

Ìyá Alátà: Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, ibẹ̀ yẹn burú. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé kì í ṣe ìjọba nìkan ló ń dè èèyàn, ẹnu àdúgbò náà ń dè é, nígbà míì gan-an ó le ju ti ọlọ́pàá lọ. Ìyẹn kàn wá dáadáa.

Ọmọ Ẹbúté: Ẹ ṣé gan-an. Àbúrò mi jókòó tì mí níbí, ó ní kí n bi Bàbá pé tí wọ́n bá kéde lọ́dún tó ń bọ̀ pé ó kan ọkùnrin láti jókòó sílé, ṣé wọ́n á ra nǹkan pamọ́?

Bàbá Ìgbógbo: Sọ fún un kó ka ìwé ẹ̀ parí ná.