Ọmọ Yín Tó Wà ní Amẹ́ríkà, Kí Ló Ń Pe Ara Rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Houston:
Tèmi rèé o. Ní 2020 tí ìjọba ń ka èèyàn, fọ́ọ̀mù dé ilé wa. Lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ Black sí, àyè wà níbẹ̀ tí kálukú á kọ orírun rẹ̀ sí. Nigerian gan-an wà lára àpẹẹrẹ tí wọ́n tò síbẹ̀. Bàbá wọn ní kí n kọ Yorùbá fún gbogbo wa. Mo ní ká kọ Nàìjíríà, kí wọ́n lè mọ̀ pé a pọ̀. Ni Táíwò bá ní African American ni kí n kọ sí tòun. Ẹ̀bà ò lọ lọ́nà ọ̀fun bàbá rẹ̀ mọ́. "Ìwọ wo? Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó!" Ọmọ ní, "Daddy, ẹ má bínú. Bí ọlọ́pàá bá dá mi dúró lójú títì, ṣé Ìjẹ̀bú ló máa rí?"

Ẹ gbà mí, kí lèèyàn fẹ́ fọ̀ sí i? Kẹ́hìndé ní tiẹ̀ ní Nigerian lòun, kí ẹnikẹ́ni má yí i. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ náà ni mo ṣe kọ ọ́. Oyún kan náà, iléèwé kan náà o! Bàbá wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Adé Maryland:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá Táíwò lẹ́bi. Kékeré ni wọ́n mú mi wá síbí, láyé 1990 sí 1999. Nígbà yẹn, èébú ni kí wọ́n pe èèyàn ní ará Áfíríkà, àwọn ọmọ dúdú ẹgbẹ́ mi gan-an ló sì ń bú mi. Tony ni mò ń jẹ́ níléèwé, Adétòkunbọ̀ ń dúró dè mí nílé. Àmọ́ nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi parí iléèwé gíga láìpẹ́ yìí, gèlè ló wé lọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́ kó wé fún àwọn náà. Burna Boy àti Wizkid gba Grammy, àmì ẹ̀yẹ ńlá àwọn olórin, ní 2021, ọmọ Nàìjíríà di ẹni à ń bá rìn. Ká sòótọ́, olórin ló bá wa ṣe é, kì í ṣe àwa òbí.

Ọmọ Òwu:
Tèmi tún yàtọ̀. Mo mú ọmọ mi lọ sí Ọ̀yọ́túnjí, abúlé táwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti ń ṣe àṣà Yorùbá, ní Sheldon, South Carolina. Walter King, ọmọ bíbí Detroit, ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1970. Ọba Adéfúnmi ló padà ń jẹ́, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣètùtù oyè fún un ní 1981. Obìnrin kan tí kò dé Nàìjíríà rí kúnlẹ̀ kí mi: "Ẹ káàbọ̀, sà." Ohùn rẹ̀ ò lọ geere, ṣùgbọ́n orúnkún méjèèjì ló kanlẹ̀. Ọmọ tèmi, tó jẹ́ pé "Hi, Grandpa" ló máa ń kí bàbá mi lórí fóònù, ń wò ó. Ó ní, "Dad, ṣé obìnrin yìí jẹ́ Yorùbá jù mí lọ ni?"

Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ jẹun.