Ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ni wọ́n ń fà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n tún wá dá oògùn rẹ̀ dúró. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Apáta:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ẹ fojú fò ó, inú ló ń bí mi. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkọ mi, wọ́n yọ kókó jẹjẹrẹ nínú ọpọlọ rẹ̀. Glioblastoma ni wọ́n pè é. Wọ́n ní kó gba rediotẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú onítànṣán, nígbà 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó sì máa lo kápúsù temozolomide, oògùn jẹjẹrẹ, lójoojúmọ́. A ti gbà á dé ìgbà 22.

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀. Owó mọ́tò, owó láàbù, ìjókòó láti aago mẹ́fà àárọ̀. Mo ti ta fìríìsà tí mo fi ń ta omi tútù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Ẹlẹ́yẹlé, wọn ò tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, àwọn náà ni wọ́n ń pàṣẹ jù.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá, dókítà dá kápúsù yẹn dúró, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó tún ní ká lọ ṣe CD4. Ojú tì mí ní láàbù yẹn. Gbogbo wa la mọ irú ẹni tí wọ́n ń ní kó ṣe é. Ṣé kí n gbé ọkọ mi kúrò níbẹ̀ ni?

Alhaja, Dùgbẹ̀:
Pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa. Ohun tójú àwa náà rí nìyẹn nígbà tí àbúrò mi ní jẹjẹrẹ ọyàn. Ewé ugu tí mo fún pẹ̀lú mílíìkì ni mo fi gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè. Lárọ̀ọ́ lálẹ́ ni mo ń fún un. Ó ti ń ta gèlè padà báyìí. Ẹ wá ugu.

Bàbá Kọ́lá:
Kẹ́ ẹ gbé e kúrò lẹ́yìn ìgbà 22? Kó lọ síbo? Ẹ ò tilẹ̀ sọ ohun tí èsì láàbù wí.

Nọ́ọ̀sì, Bódìjà:
Alhaja, ẹ má bínú, ti ẹ̀jẹ̀ pupa ni ugu. Sójà ara, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, là ń sọ níbí.
Ìyá Ìbejì, kí ló wà nínú ìwé èsì yẹn? Oògùn wo ló tún ń lò? Ṣé ara rẹ̀ ń gbóná?

Alhaja, Dùgbẹ̀:
Nọ́ọ̀sì, mo ti tọ́jú ẹni tó ní jẹjẹrẹ tó sì yè. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọdé.

Ìyá Ìbejì, Apáta:
Ìwé yẹn ló tún múnú bí mi. Wọ́n kọ sẹ́ẹ̀lì funfun 6.1, wọ́n ní ó dáa. Platelet 92. Lymphocyte 0.4. Tí sẹ́ẹ̀lì funfun bá dáa, kí ló dé tí wọ́n dá oògùn dúró? Ó ń lo dexamethasone nítorí orí fífọ́.

Nọ́ọ̀sì, Bódìjà:
Platelet, ìyẹn èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, ló dá kápúsù dúró. Tó bá ti wá sísàlẹ̀ 100, wọ́n á ní kó sinmi títí yóò fi gòkè, kó má baà máa ṣẹ̀jẹ̀. Rediotẹ́rápì ń lọ ní tirẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí 6.1 yẹn tàn yín. Dexamethasone máa ń mú kí irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, neutrophil, pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àpapọ̀ á wá dà bíi pé kò sí nǹkan. Lábẹ́ rẹ̀, lymphocyte, irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, ti ń tán. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le sábà máa ń ní 1 sí 4. Nǹkan mẹ́ta ló ń bá a jà: ìtànṣán tó ń kan ẹ̀jẹ̀ tó ń gba orí kọjá, kápúsù, àti dexamethasone fúnra rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fo ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ò ní mọ ìgbà tó já wálẹ̀.

CD4 kì í ṣe àyẹ̀wò éèdì. Ó ń ka irú lymphocyte kan ni. Tó bá wá sísàlẹ̀ 200, kòkòrò Pneumocystis lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Septrin ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀. Ṣé wọ́n fún un?

Bàbá Kọ́lá:
Ẹ dáhùn o. Ẹ tún fo ti ara gbígbóná.

Ìyá Ìbejì, Apáta:
Wọ́n fún un. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló rí i lórí tábìlì, wọ́n ní oògùn àwọn aléèdì ni, pé kí n má kó orúkọ ìdílé wọn sí ẹnu ará àdúgbò. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti kó o pamọ́. Mi ò sọ fún dókítà.

Ikọ́ gbígbẹ ti ń ṣe é láti ọjọ́ mẹ́rin. Ó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ tó bá lọ sí ilé ìwẹ̀. Ara rẹ̀ ń gbóná lálẹ́, Panadol ni mo ń fún un, ó sì ń rọlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Bódìjà:
Ìyá Ìbejì, ẹ dìde. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ yìí, ẹ má dúró de ọjọ́ Ajé. Panadol ń bo ibà yẹn mọ́lẹ̀ ni. Ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání, ẹ sọ ti Septrin fún wọn bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ níbí. Ẹ má sì dá dexamethasone dúró lójijì, ìyẹn léwu lọ́tọ̀.

Alhaja, Dùgbẹ̀:
Ọmọ mi, gbàgbé ugu. Máa lọ. Kò sẹ́ni tó máa fi ọ́ ṣẹ̀sín níbí.

Ìyá Ìbejì, Apáta:
A ti wà nínú mọ́tò, a ti kọjá Dùgbẹ̀. Ó gbé orí lé èjìká mi. Septrin náà wà nínú báàgì mi.