Ojú ríru kọ́ ni glọ̀kómà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ṣómólú dábàá pé ká máa pe àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glọ̀kómà ní "ojú ríru", torí pé omi inú ẹyinjú ló máa ń pọ̀ jù, táá wá máa ni iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ lára. Ó bá "ẹ̀jẹ̀ ríru" mu, ó sì dùn-ún pè. Ẹ jọ̀wọ́ sà, mi ò fara mọ́ ọn.

Mo máa ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn ojú kan ní Yábàá. Tí mo bá sọ "ojú ríru" fún ìyá ọlọ́jà tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, á ní àrùn kan náà ló gòkè dójú, oògùn tóun ń lò ti tó. Bẹ́ẹ̀ àwọn kan wà tí agbára omi inú ojú wọn ò ga rárá, tí glọ̀kómà sì ń ba iṣan ojú wọn jẹ́. Kí la ó wá pe tiwọn?

Ẹnì kan tún ní "olè ojú", torí pé ó ń jí ìríran gbé láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Ní Múṣin! Ẹ pariwo olè níbẹ̀ ná, ká wo ẹni tó máa dúró gbọ́ ìyókù.

Èyí tó burú jù ni "ojú fífọ́" tí àwọn kan fi ń pe glọ̀kómà àti kátáráàtì pọ̀. Kátáráàtì ni kí lẹ́ǹsì inú ẹyinjú ṣú; èyí tó bá ti gbó máa ń funfun nínú ẹyinjú. Wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n á fi lẹ́ǹsì mìíràn rọ́pò, èèyàn á tún ríran. Glọ̀kómà tó wọ́pọ̀ kì í dunni, ojú kì í sì í pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ wọlé: ẹni tó ń ka Bíbélì geere lè má rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ lápá òsì. Èyí tó bá jẹ lọ ti lọ nìyẹn. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú lójoojúmọ́ ń dáàbò bo ìyókù ni. Ẹni tó bá pè é ní kátáráàtì á jókòó, á máa retí kó gbó.

Ẹ wo Àpólò. Nígbà tí ojú pípọ́n yẹn jà ní 1969, ọdún tí Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá, ìgbìmọ̀ kankan ò sọ ọ́ lórúkọ. Ta ni ò mọ̀ ọ́n l'Ékòó lónìí? Ẹ jẹ́ kí "glọ̀kómà" náà mọ́ wa lẹ́nu, ká wá gbólóhùn tí nọ́ọ̀sì á máa fi tẹ̀ lé e. Tèmi rèé: "Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ojú, kì í dunni; bó bá ti mú òbí tàbí ọmọ ìyá yín, ẹ lọ yẹ ojú wò." Ẹ bá mi gé e kúrú, ó ti gùn jù fún ẹni tó ń kánjú lọ pàtẹ.