Idán tí kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó ń pa á

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó fẹ́ kọ ìtàn àròsọ onídán ni pé, "Ṣé kí n kọ́kọ́ dá ayé inú ìtàn náà sílẹ̀ ná, àbí kí n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ya máàpù. Mo sọ gbogbo odò lórúkọ. Mo to àwọn ọba ibẹ̀ tẹ̀léra wọn, ẹni mẹ́tàlélógún. Ìwé ìkọ̀wé mẹ́rin kún, bẹ́ẹ̀ n kò tíì kọ orí kìíní. Ẹni tó bá béèrè, màá ní iṣẹ́ ń lọ. Iṣẹ́ ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Tolkien, òǹkọ̀wé The Lord of the Rings, ni mo fi ń ṣe àwíjàre. Ìgbà tí mo wá kà nípa rẹ̀ ni mo rí i pé àwọn ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ tó ti ń kọ láti ìgbà ọ̀dọ́ kò parí títí ó fi kú ní 1973. Ọmọ rẹ̀ ló tò wọ́n jáde ní 1977. Ọjọ́ náà ni mo ká máàpù mi nílẹ̀.

Ibi tó wá le gan-an ni idán. Ọmọbìnrin inú ìtàn mi máa ń fọwọ́ kan ọgbẹ́, ọgbẹ́ á sì jiná. Nígbà tí mo fi dé orí kẹsàn-án, kò sóhun tó ń dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́. Ta ló máa kú? Ọ̀rẹ́ mi tó bá mi ka ìwé náà fi bírò pupa kọ ọ́ sétí ìwé: "Kí ló ń ná an?" Mo gbé ìbéèrè yẹn sùn, mo gbé e jí.

Mo wá pinnu pé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan á máa gba ìrántí kan lórí ọmọbìnrin náà. Mo tún ibẹ̀ kọ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà ọmọ ogun kan, ọgbẹ́ pa dé. Ọmọbìnrin náà dìde, ó fẹ́ kọ orin tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ bó bá ń dirun fún un. Ètè rẹ̀ ká bí ẹni tó fẹ́ pe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ ò sí níbẹ̀. Omi bọ́ lójú mi nídìí tábìlì. Láti ìgbà náà, ohun tí idán máa gbà ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, kí n tó mọ ohun tó lè ṣe.

* * *

Ẹ ṣeun gan-an fún ohun tí ẹ kọ yìí, ẹ̀gbọ́n. Kíka ọjọ́ inú ìtàn ló ń dà mí láàmú ní tèmi. Mo jẹ́ kí òṣùpá àrànmọ́jú yọ lálẹ́ tí wọ́n sá kúrò nílùú, mo tún jẹ́ kó yọ lálẹ́ ogun, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré sí i! Nǹkan bí ọjọ́ 29 àti ààbọ̀ sì ni òṣùpá máa ń gbà kó tó tún kún. Ẹṣin wọn ńkọ́? Ọ̀sán àti òru ni wọ́n fi sáré láìsinmi, bẹ́ẹ̀ ẹṣin tó ń rìn lójoojúmọ́, bó bá ti rin nǹkan bíi kìlómítà 50, ó ti tó o. Kàlẹ́ńdà ìtàn mi wà lára ògiri báyìí. Gbogbo orí ìwé ló ní ọjọ́ tirẹ̀.

* * *

Àbúrò, o ṣeun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yẹ tèmi wò ni. Òṣùpá kún ní orí kẹrin, ó tún kún ní orí kẹfà, ọjọ́ méjìlá ló wà láàárín wọn. Mo ti jókòó tì í. Òkùnkùn ni wọ́n máa fi sọdá odò.